Aago Mélòó Ni Ọkọ̀ Yóò Dé?

Ní Vridi, l'Abidjan, ojú irin wà nílẹ̀, àmọ́ ẹrù ló ń gbé. Ní báyìí tí wọ́n ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò ìgboro, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ká lè mọ ohun tó yẹ ká béèrè kó tó dé.

Kí àkùkọ tó kọ ní Vridi ni èrò ti máa ń kún etí títì. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú wà níbẹ̀. Ìyá tó ń gbé attiéké àti ẹja díndín lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tó gbọ́dọ̀ sọdá ọ̀sà kí agogo ilé ìwé tó lù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Yorùbá tó ń tajà ní Treichville àti Adjamé náà wà láàárín wọn, ẹrù lórí, owó ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, yálà Faransé ni wọ́n fi bi í, tàbí Dioula, tàbí Yorùbá: aago mélòó ni ọkọ̀ yóò dé?

Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọkọ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ó sì lè má dé títí oòrùn yóò fi yọ. Bó bá dé, ó lè ti kún. Bí kò bá tíì kún, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹrù láti èbúté lè ti dí ojú ọ̀nà pa, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe pé Vridi kò ní ojú irin. Ó ní. Ọkọ̀ ojú irin ń gba àárín àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kọjá. Epo àti ẹrù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó dúró létí títì náà ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin, ó ń wò ó bó ṣe ń kọjá lọ, ó sì ń bá a lọ láti máa dúró.

Ilẹ̀ tóóró láàárín omi méjì

Vridi jẹ́ apá kan ìjọba ìbílẹ̀ Port-Bouët, ní gúúsù Abidjan. Òkun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ọ̀sà Ébrié wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láyé ìjọba àwọn Faransé, ọkọ̀ òkun kò lè wọ inú ọ̀sà, nítorí yanrìn ló wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Afárá gígùn kan tí wọ́n kọ́ wọnú òkun ní Port-Bouët ni wọ́n fi ń já ẹrù. Ní ọdún 1950 ni wọ́n la ilẹ̀ náà já ní Vridi, tí omi òkun àti omi ọ̀sà fi pàdé. Ọ̀nà omi yẹn, tó lé ní kìlómítà méjì ní gígùn, ló sọ Abidjan di ìlú èbúté ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Ilé ìfọpo SIR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Vridi ní ọdún 1965. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná àti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Ibi tí iṣẹ́ bá wà, èèyàn á wá a lọ. Àwọn ará Burkina Faso, Mali, Ghana, Togo àti Benin wá. Àwọn Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dáadáa mọ̀ pé kò sí agbo ilé tí kò ní èèyàn l'Abidjan, débi pé ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Côte d'Ivoire tààrà, o sì lè gbọ́ èdè Faransé lọ́jà Èjìgbò bí ẹni pé odò kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú méjèèjì.

Ojú irin ti wà kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Abidjan lọ sí ìhà àríwá. Ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954, ìrìn tó lé ní kìlómítà 1,100. Ní 1957 ni wọ́n ṣí afárá tí à ń pè ní Houphouët-Boigny lónìí, èyí tó so Plateau mọ́ Treichville. Afárá yẹn ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀: mọ́tò ń gba òkè, ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀. Báyìí ni ojú irin ṣe sọdá ọ̀sà lọ sí ìhà èbúté.

Nítorí náà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ojú irin ti ń sọdá ọ̀sà. Àwọn tó là á, ẹrù ló wà lọ́kàn wọn: kòkó, igi gẹdú, màlúù, epo. Kò sí ẹni tó jókòó ṣírò ìyá tó gbọ́dọ̀ dé ọjà ní aago mẹ́fà.

Ohun tó ń gbé ará Vridi

Kí ló wá kù fún ará Vridi? Àkọ́kọ́ ni gbaka, ọkọ̀ elérò kékeré tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìkejì ni wôrô-wôrô, takisí alájùmọ̀wọ̀. Wọ́n ní láti inú èdè Dioula ni orúkọ yẹn ti wá, láyé ìgbà tí owó rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n sẹ́fà. Ìkẹta ni bọ́ọ̀sì SOTRA, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960. SOTRA yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò lórí ọ̀sà ní 1980, láti Treichville lọ sí Plateau àti àwọn èbúté mìíràn. Láti ọdún 2017 ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni bíi STL àti Citrans náà ti ní ọkọ̀ tiwọn lórí omi.

Ọkọ̀ pọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò sí. Ohun tó ń dun èèyàn ni pé kò sí èyí tó lè bá a ṣe àdéhùn. Gbaka kì í gbéra àyàfi tó bá kún. Wôrô-wôrô lè gbé ọ dé ìdajì ọ̀nà kó ní òun kò lọ mọ́. Bí òjò bá ṣú, owó ọkọ̀ á gorí. Ẹni tó ń lọ sí Adjamé lè wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó débẹ̀, ibi tó bá sì ti fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ ni yóò ti tún béèrè pé: aago mélòó ni ọkọ̀ yóò dé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní èèyàn ń fi wákàtí kan ṣòfò láàárọ̀, tó tún fi òmíràn ṣòfò nírọ̀lẹ́. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, wákàtí mẹ́wàá ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di ogójì wákàtí, èyí tí í ṣe odindi ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan. Nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan ti ṣègbé létí títì, kò sì sí ọ̀gá tí yóò sanwó rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ló ń lọ níbẹ̀. Bàbá tó jáde kí ọmọ tó jí, tó sì wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń rí ojú ọmọ rẹ̀. Ìyá tí ọkọ̀ dá dúró ń ronú ẹni tí yóò mú àbúrò kúrò nílé ìwé. Ọmọbìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ ń dá dúró nínú òkùnkùn, kò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀ tàbí èyí tó kọjá lọ ni ìkẹyìn. Àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹ̀ wò nínú ọ́fíìsì lè rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Métírò tó ń bọ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé fi òkúta ìpìlẹ̀ métírò Abidjan lélẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti Anyama ní àríwá, yóò gba Abobo, Adjamé, Plateau, Treichville àti Marcory, yóò sì parí sí ìhà pápákọ̀ òfuurufú ní Port-Bouët. Ó tó kìlómítà 37. Wọ́n ní bó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò lè gbé tó 540,000 èrò lójúmọ́.

Níbi púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ ni ọ̀nà tuntun yìí gbà. Àwọn ìdílé tó kọ́lé tàbí tó ń tajà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà ní láti kó kúrò kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá pé yóò parí ti kọjá. Èèyàn Abidjan ti kọ́ sùúrù.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà yìí kò wọ inú Vridi. Port-Bouët ni yóò parí sí lóòótọ́, Port-Bouët náà ló sì ni Vridi, síbẹ̀ ẹni tó ń gbé nítòsí ọ̀nà omi yẹn ṣì ní láti wọ nǹkan mìíràn kó tó dé ibùdókọ̀ ojú irin. Bí nǹkan mìíràn náà kò bá ní àkókò tó ṣeé gbára lé, àǹfààní métírò yóò dín kù gan-an fún un. Kí ni èrè pé ọkọ̀ ojú irin kúrò ní aago mẹ́fà géérégé, bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ bá ṣì wà létí títì ní Vridi tó ń retí gbaka?

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kò yẹ ká dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá gé rìbọ́ǹnù kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ìlú mìíràn ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa.

Ohun tí Èkó fi kọ́ wa

Èkó ti retí tipẹ́. Láyé Gómìnà Lateef Jákáńdè, ní 1983, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Nígbà tó di 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kò ní ju èyí tó ń ti ìhà Ìjókò àti Agége lọ sí Iddo, èyí tí èrò máa ń kún títí kan òrùlé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13 pẹ̀lú ibùdókọ̀ márùn-ún. Inú àwọn èèyàn dùn. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀, ó sì gba orí omi kọjá lókè gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìrìn 12 péré ló ń rìn lójúmọ́. Ẹni tí ọkọ̀ kan bá fi sílẹ̀ yóò pẹ́ kó tó rí òmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ wò ó bí ẹni lọ wòran, lẹ́yìn náà wọ́n padà sínú dánfó. Nígbà tí wọ́n so iná mànàmáná mọ́ ọn ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n sọ ìrìn 12 di 54. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ náà tó di ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ṣètò ọjọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ kan náà ni. Ojú irin kan náà ni. Ohun tó yí padà ni iye ìgbà tó ń rìn. Ẹwà ọkọ̀ ló ń mú èèyàn wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń mú un padà wá lọ́jọ́ kejì ni pé ó mọ̀ pé bí èyí bá fi òun sílẹ̀, òmíràn kò ní pẹ́ dé.

Ti ojú irin aláwọ̀ pupa yàtọ̀ díẹ̀. Agbádo sí Òyìngbò ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ojú irin tí ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń gbà ni òun náà ń gbà. Bí ọkọ̀ méjì tó jẹ́ ti oníwun méjì bá ń gba ojú irin kan náà, wọn kò lè rìn bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjá kí èkejì tó gbéra. Bí ti Ìbàdàn bá pẹ́, ti Agbádo lè pẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kan Abidjan, nítorí pé níbẹ̀ náà ojú irin ẹrù àti ojú irin èrò yóò jọ máa gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Ó dára tí métírò bá ní ojú irin tirẹ̀, kí ọkọ̀ epo tó ń lọ sí Burkina Faso má baà dá olùkọ́ tó ń lọ sí Adjamé dúró.

Lọ́ńdọ̀nù, oṣù karùn-ún 2018

Àwọn kan lè sọ pé òyìnbó kò ní irú ìṣòro yìí. Ẹ bi àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham àti agbègbè rẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ wọn gbójú lé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n yí ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin padà ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò wọn ni pé ọkọ̀ yóò pọ̀ sí i, ìrìn yóò sì yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni òdì kejì rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú pátákó. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ń bọ̀ kò dé, èyí tí wọ́n ní kò sí ló yọjú. Àwọn èèyàn pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Ilé iṣẹ́ Northern, tó ń gbé èrò ní ìhà àríwá, ní láti yọ ìrìn 165 kúrò lójúmọ́ kí nǹkan tó lè rọlẹ̀. Ní ìhà Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Govia Thameslink fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Kí ló fà á? Iṣẹ́ fífa wáyà iná sórí ojú irin ní àríwá kò parí lákòókò, nítorí náà wọ́n ní láti tún ìwé àkókò náà kọ nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí. Bákan náà, awakọ̀ ojú irin kò lè kàn gba ọ̀nà tí kò mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀nà náà, ibi tí iná àmì wà, ibi tí èèyàn ń dẹwọ́ eré. Nígbà tí ìwé tuntun dé, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò tíì kọ́ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbà. Ọkọ̀ wà, ojú irin wà, kò sí ẹni tó lè wà á.

Ìjọba yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Glaister láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ojú irin, ilé iṣẹ́ ọkọ̀, àwọn aláṣẹ àti ìjọba, oníkálukú ló rò pé ẹlòmíràn ló ń mójú tó o. Kò sí ẹni tó gba àkóso.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ní 2019, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ ojú irin ní kí Govia Thameslink san owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò sọ òótọ́ tó yẹ fún èrò lákòókò tó yẹ. Àwọn tó ti san owó ọkọ̀ oṣù tàbí ti ọdún sílẹ̀ náà rí owó gbà-máà-bínú gbà. Òfin ibẹ̀ ni pé ó yẹ kí èrò mọ àkókò ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú. Wọn kò pa òfin yẹn mọ́.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ ìtàn lásán fún mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, ilé iṣẹ́ kan pè mí fún ìdánwò iṣẹ́ ògbufọ̀. Aago mẹ́wàá ni. Mo ti lọ ka ìwé àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Lọ́jọ́ náà, mo dé ibùdókọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo jókòó. Kò sí ọkọ̀. Nígbà tí mo béèrè, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọkọ̀ yẹn ti lọ tipẹ́, pé láti ọjọ́ Ajé ni àkókò ti yí padà. Mo tọ́ka sí ìwé tó wà lára ògiri. Ó ní ti àtijọ́ nìyẹn. Ìwé tuntun wà lóòótọ́, inú ọ́fíìsì wọn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo dé ibi ìdánwò náà ní aago mọ́kànlá kọjá. Wọ́n ti pa ilẹ̀kùn. Mo sunkún díẹ̀, mo sì padà sílé. Títí di òní, kì í ṣe pé ọkọ̀ lọ ló ń dùn mí. Àkókò lè yí padà, ìdí sì lè wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi mọ̀, kò sì sọ.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Bí arọ bá gbọ́ pé ogun ń bọ̀, yóò ti wọ́ kúrò lójú ọ̀nà kí ogun tó dé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò yàtọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn lónìí pé láti oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ aago mẹ́fà yóò di aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, yóò kùn, yóò sì jí ṣáájú. Àyípadà tí a kò gbọ́ ló ń ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Ìwé àkókò ọkọ̀ jẹ́ àdéhùn. Èrò ń mú ìhà tirẹ̀ ṣẹ: ó jí, ó dé, ó sanwó. Ó yẹ kí ọkọ̀ náà mú tirẹ̀ ṣẹ. Nítorí náà, nǹkan mélòó kan wà tí àwọn ará Vridi, àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá l'Abidjan àti gbogbo èrò lè béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kí métírò tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí bọ́ọ̀sì láti Vridi lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní àkókò tó bá ti ọkọ̀ ojú irin mu. Bọ́ọ̀sì tó dé ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin gbéra kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìkejì, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ àti ọkọ̀ ìkẹyìn lálẹ́ ro ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́ ọn. Vridi kì í sùn. Ẹni tó gbaṣẹ́ ní aago mẹ́fà ìdájí kò lè wọ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà.

Ìkẹta, kí wọ́n kéde àyípadà ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, níbi tí èrò ti lè rí i: lára ọkọ̀, lórí rédíò, lórí fóònù, lẹ́nu ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo èrò ló mọ Faransé kà. Kí ìkéde wà ní Dioula àti ní àwọn èdè mìíràn tí ọjà ń sọ.

Ìkẹrin, kí ẹnìkan wà tó gba àkóso, tí gbogbo ìlú mọ̀, tí a lè bi léèrè. Ohun tó da Lọ́ńdọ̀nù rú nìyẹn.

Ní ọwọ́ tiwa náà, iṣẹ́ wà. Bí ibùdókọ̀ bá wà ládùúgbò, ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa yẹ ìwé àkókò wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù lórí WhatsApp. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí ọkọ̀ kùnà sílẹ̀, ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ ju ẹni tó kàn ń bínú. Ẹ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ wàhálà tó dé. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìdánwò tàbí ọjọ́ ilé ẹjọ́, ẹ má fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé yín sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin tó ń sọdá ọ̀sà yóò gbé èèyàn láti ìhà Port-Bouët lọ sí Adjamé láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èmi náà ń retí ọjọ́ yẹn. Àmọ́ kì í ṣe bí ọkọ̀ náà ṣe ń dán ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò. Etí títì ní Vridi ni mo fẹ́ lọ dúró, ní ìdájí, lọ́dọ̀ ìyá tó gbé attiéké rẹ̀ dání. Màá bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó ni ọkọ̀ yóò dé? Bó bá lè dá mi lóhùn láìronú, tí ọkọ̀ náà sì dé ní aago tó dá, a jẹ́ pé métírò ti dé Abidjan nìyẹn.